Kọnkéré, pákó, àbí yanrìn: kí ni kí n tẹ́ sábẹ́ sítọ́ọ̀ ẹ̀yìnkùlé mi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, apá Akóbọ̀ ní Ìbàdàn ni mò ń gbé. Mo ní ọgbà kékeré kan lẹ́yìn ilé tí mo ti ń gbin ẹ̀fọ́, àgbàdo àti ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo sì ń sin adìẹ bíi 60. Mo fẹ́ kọ́ sítọ́ọ̀ pákó sínú ọgbà náà, kí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12, kí ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 10. Ibẹ̀ ni màá máa kó ọkọ́, àdá, bárò, oúnjẹ adìẹ, ajílẹ̀ àti jẹnẹrétọ̀ kékeré mi sí. Káfíńtà ní pákó ni ká fi ṣe ilẹ̀ rẹ̀. Bírikìlà ní àfi kọnkéré. Aládùúgbò mi ní kí n kàn da yanrìn síbẹ̀, kí n to interlock lé e. Ọmọ mi tó wà ní Manchester tún fi fọ́tò tiwọn ránṣẹ́: rọ́bà oníhò ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀, wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ sínú ihò rẹ̀, wọ́n gbé ilé pákó lé e, ó tán. Ilẹ̀ tèmi dà díẹ̀, omi òjò máa ń gba ibẹ̀ kọjá, ikán sì ti jẹ ilé adìẹ mi àkọ́kọ́ tán pátápátá. Owó ìfẹ̀yìntì ni mo fẹ́ fi ṣe é, n kò fẹ́ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Èwo ni kí n mú?

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú ìmúra iṣẹ́ o. Nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, gbólóhùn méjì ni mo dì mú: omi òjò máa ń gba ibẹ̀ kọjá, ikán sì ti jẹ ilé adìẹ yín. Káfíńtà, bírikìlà àti aládùúgbò yín, ohun tí ẹ ó máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ni wọ́n ń bá yín sọ. Ohun tó sì máa ń ba irú sítọ́ọ̀ báyìí jẹ́ kì í ti ojú ilẹ̀ wá, abẹ́ ló ti ń gòkè bọ̀. Ẹ lè ra ohun tó dára jù lọ́jà. Bí ẹ bá tẹ́ ẹ sójú ọ̀nà omi, ẹ ó tún un ṣe kí ó tó pé ọdún mẹ́ta.

Bó bá jẹ́ pé ìyá tó bí mi ló bi mí, ohun tí màá ṣe fún un nìyí: ìpìlẹ̀ búlọ́ọ̀kù yípo, ilẹ̀ kọnkéré tó fi ìǹṣì mẹ́sàn-án ga ju ilẹ̀ ìta lọ, ọ̀rá tó nípọn lábẹ́ kọnkéré náà, kí pákó kankan má sì fara kan erùpẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀, nítorí onílé tí kò mọ ìdí nǹkan ni oníṣẹ́ máa ń fo nǹkan lójú rẹ̀.

Ikán inú ilẹ̀ kò lè pẹ́ nínú afẹ́fẹ́ gbígbẹ. Awọ ara rẹ̀ fẹ́lẹ́, kíá ni omi ara rẹ̀ ń gbẹ. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń fi erùpẹ̀ mọ ọ̀nà tóóró bo ara rẹ̀ bó bá ń gun ògiri tàbí igi. Ibi tí ilẹ̀ bá ti rin, tí pákó sì wà lórí rẹ̀, omi àti oúnjẹ ti pàdé fún un lójú kan. Ẹni tó bá gbé ilé rẹ̀ kúrò lójú omi ti jà ju ìdajì ìjà ikán lọ kí ó tó ra oògùn kankan.

Ìyẹn ló jẹ́ kí fọ́tò Manchester yẹn yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ tiwa. Ohun tí wọ́n ṣe dára fún ibẹ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ inú rọ́bà náà ń jẹ́ kí omi rì wọlẹ̀, afẹ́fẹ́ ń gba abẹ́ ilé kọjá, pákó tí wọ́n sì ń tà fún irú ilé bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jẹ́ èyí tí wọ́n ti fi oògùn tọ́jú. Ṣùgbọ́n ju gbogbo rẹ̀ lọ, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ní ikán tirẹ̀. Ní 1994 tí wọ́n rí ikán ní abúlé Saunton, ní Devon, ìjọba gbé e bí ọ̀rọ̀ ńlá, wọ́n ń ṣọ́ ọ, wọ́n ń lo oògùn, ó di 2021 kí wọ́n tó kéde pé wọ́n ti pa á run. Ọdún 27 lórí ikán abúlé kan! Ìbàdàn ńkọ́, níbi tí èsúnsún ti ń rọ́ wá sídìí iná lẹ́yìn òjò? Ẹ bá mi kí ọmọ yín, kí ẹ sì sọ fún un pé ilẹ̀ tiwa kò gba irú ìyẹn. Òkúta wẹ́wẹ́ máa jẹ́ kí omi kọjá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ikán máa gba àárín rẹ̀ gòkè.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ káfíńtà, nítorí òun náà ní òótọ́ tirẹ̀. Pákó kì í fa omi sókè bíi kọnkéré, bí afẹ́fẹ́ bá sì ń gba abẹ́ rẹ̀, àpò oúnjẹ adìẹ kì í rin lórí rẹ̀. Àwọn baba wa mọ èyí. Àká wọn kì í jókòó sórí ilẹ̀. Ẹsẹ̀ igi tàbí òkúta ni wọ́n ń gbé e lé. Àṣìṣe tiwa lóde òní ni pé a ń ṣe ilẹ̀ pákó, a kò sì gbé e sókè tó.

Èmi náà ti ṣe é rí. Ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fíríìdọ̀ọ̀mù, mo kọ́ sítọ́ọ̀ fún bàbá kan. Mo to àbọ̀ búlọ́ọ̀kù sórí ilẹ̀ láìgbẹ́ ìpìlẹ̀, mo gbé pákó arère lé e, mo fi ọ́ìlì kọ́ńdẹ́ẹ̀mù kun abẹ́ rẹ̀, mo sì gba owó iṣẹ́ mi. Ní òjò ọdún kejì, bàbá ránṣẹ́ pè mí. Ojú pákó náà ṣì mọ́ tónítóní, kò sí àmì kankan. Mo fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ mi wọlé dé orúnkún. Ikán ti jẹ inú rẹ̀ tán, awọ tín-ín-rín ni wọ́n fi sílẹ̀ lókè. Nígbà tí a wú pákó yòókù, ọ̀nà erùpẹ̀ tí wọ́n mọ gun ẹ̀gbẹ́ àbọ̀ búlọ́ọ̀kù wọ̀nyẹn pọ̀ bí iṣan ara, gbogbo rẹ̀ sì wà níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò lè dé. Owó ara mi ni mo fi tún un ṣe fún bàbá, ìtìjú rẹ̀ kò sì tíì kúrò lára mi. Láti ọjọ́ náà, n kì í gbé pákó síbi tí n kò bá lè tan tọ́ọ̀ṣì yẹ abẹ́ rẹ̀ wò.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá fẹ́ ilẹ̀ pákó dandan, ọ̀nà rẹ̀ wà. Kí ó ṣe òpó búlọ́ọ̀kù mẹ́sàn-án, mẹ́ta mẹ́ta ní ìlà mẹ́ta. Kí òpó kọ̀ọ̀kan dúró lórí kọnkéré tó fẹ̀ ní ìǹṣì 18 níhà kọ̀ọ̀kan, tó sì nípọn ní ìǹṣì mẹ́fà. Kí wọ́n fi kọnkéré dí ihò búlọ́ọ̀kù, kí òpó sì fi ìǹṣì 18, ó kéré tán, yọ sókè kúrò nínú ilẹ̀. Lórí òpó kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tẹ́ páànù pẹlẹbẹ tó fi ìǹṣì méjì yọ síta yípo, kí wọ́n tẹ etí rẹ̀ sísàlẹ̀ bí etí fìlà. Páànù yìí kì í pa ikán. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé bí ikán bá fẹ́ gòkè, kò ní lè gba àárín búlọ́ọ̀kù lọ sínú pákó ní kọ̀rọ̀. Àfi kó mọ ọ̀nà rẹ̀ yípo etí páànù náà síta gbangba, níbi tí ẹ ti máa rí i, tí ẹ ó sì fi ìgbálẹ̀ gbá a dànù. Lẹ́yìn èyí ni pákó mẹ́fà-sí-méjì yóò gùn lé àwọn òpó, pákó mẹ́rin-sí-méjì yóò dábùú lé e ní ìǹṣì 16 síra, kí wọ́n tó wá kan pákó ilẹ̀. Ohun tí kò jẹ́ kí n fi èyí lọ̀ yín ni pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀ lóṣooṣù láìyẹ̀, bárò yín sì máa ní láti gun ìǹṣì 18 kí ó tó wọlé. Ọjọ́ orí yín kọ́ ni kí ẹ máa ti bárò gun òkè.

Ti interlock, kíákíá ni mo fẹ́ kọjá níbẹ̀. Bí ilẹ̀ bá tẹ́jú, tí omi kì í gbà á kọjá, tó sì jẹ́ irin àti páànù ni wọ́n fi ṣe ilé, ó dára. Ní ilẹ̀ yín, omi tó ń ṣàn máa wọ́ yanrìn kúrò lábẹ́ rẹ̀ díẹ̀ díẹ̀, àwọn kan á rì, àwọn kan á yọ gọ́ngọ́. Gbogbo ojú ìpàdé interlock kan sí èkejì sì ni ilẹ̀kùn fún ikán. Kì í ṣe pé títo nǹkan wẹ́wẹ́ sílẹ̀ kò dára o. Ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn baba ńlá wa to àpáàdì sójú àgbàlá àti ojú ọ̀nà, ní ìdúró, etí rẹ̀ sókè, èyí tí ìtàn Ifẹ̀ so mọ́ orúkọ Ọọ̀ni Luwo, obìnrin tó jọba níbẹ̀. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún ti kọjá lórí rẹ̀, a ṣì ń hú u jáde. Bí mo bá dé ibi tó wà, mo máa ń dúró wò ó pẹ́. Amọ̀ tí iná ti sun kì í jẹrà, ikán kì í jẹ ẹ́, títò tí wọ́n tò ó ní ìdúró kò sì jẹ́ kí ó fọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n pákó kọ́ ni wọ́n gbé lé e lórí.

Ó ku kọnkéré. Bírikìlà yín tọ̀nà, ṣùgbọ́n bí ó bá kàn da kọnkéré sórí ilẹ̀ bó ṣe wà, kò tíì ṣe nǹkan kan.

Ẹ kọ́kọ́ ní kí wọ́n ha ilẹ̀ dúdú òkè kúrò, ìǹṣì mẹ́fà sí mẹ́jọ, títí wọ́n fi máa kan ilẹ̀ pupa tó le. Ilẹ̀ dúdú yẹn kún fún gbòǹgbò àti ewé jíjẹrà, ó ń rì, ikán sì fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dà á nù, ebè ẹ̀fọ́ yín ló yẹ. Kí wọ́n wú gbogbo kùkùté. Bí wọ́n bá rí ihò ikán, tí ẹ sì fẹ́ lo oògùn, àkókò rẹ̀ nìyí, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ èyí tó ní nọ́ńbà NAFDAC lára, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n lò ni kó dà á, kí ó sì jìnnà sí kànga. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da gàmàlíìnì síbẹ̀. Májèlé rẹ̀ máa ń pẹ́ nínú ilẹ̀, ẹ̀yin sì ń jẹ ẹ̀fọ́ inú ọgbà náà.

Kí wọ́n gbẹ́ ìpìlẹ̀ yípo, kí ó fẹ̀ ní ìǹṣì 18, kí ó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀. Kí wọ́n da kọnkéré ìǹṣì mẹ́fà sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì to búlọ́ọ̀kù ìǹṣì mẹ́fà lé e ní ìlà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, títí orí rẹ̀ yóò fi yọ ìǹṣì mẹ́sàn-án lókè ilẹ̀ ní ibi tí ilẹ̀ ti ga jù. Ibi tí ilẹ̀ dà sí, ó máa yọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Yíyípo sítọ́ọ̀ yín jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 44, ìlà kọ̀ọ̀kan á gba búlọ́ọ̀kù bíi 30. Kí wọ́n fi kọnkéré dí ihò búlọ́ọ̀kù. Búlọ́ọ̀kù tó ní ihò dà bí páìpù fún ikán. Inú rẹ̀ ló ń gbà gòkè láìsí ẹni tó mọ̀.

Ohun tí wọ́n ń fò jù ló kàn. Àárín búlọ́ọ̀kù wọ̀nyí ni wọ́n máa kún, ilẹ̀ pupa tàbí àfọ́kù búlọ́ọ̀kù àti òkúta ni kí wọ́n fi kún un, kì í ṣe ilẹ̀ dúdú, kì í sì ṣe pàǹtírí. Mo ti hú ilẹ̀ kan rí tí wọ́n da èérún pákó, bébà àpò sìmẹ́ńtì àti ẹ̀ka igi sábẹ́ rẹ̀. Àsè ni wọ́n sè fún ikán. Kí wọ́n dà á ní ìpele, ìǹṣì mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n wọ́n omi díẹ̀ sí i, kí wọ́n gún un títí yóò fi le kí wọ́n tó da òmíràn lé e. Bírikìlà máa ní òjò á bá wa tẹ̀ ẹ́. Òjò á tẹ̀ ẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí kọnkéré ti wà lórí rẹ̀ ni, àlàfo á wá ṣí sílẹ̀ lábẹ́, kọnkéré á là. Ojú ibi tó là yẹn náà ni ikán máa gbà, nítorí ihò tí kò tó sisanra ìṣáná ti tó o. Ẹ jókòó tì wọ́n lọ́jọ́ yìí, Màmá, kódà bí ẹ kò bá ní ráyè lọ́jọ́ mìíràn.

Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n tẹ́ yanrìn ìǹṣì kan tàbí méjì kí òkúta má bàa gún ọ̀rá, kí wọ́n sì tẹ́ ọ̀rá dúdú tó nípọn. Èyí tí wọ́n fi ń di ẹrù lọ́jà kọ́ o. Èyí tí àwọn tó ń ta ohun ìkọ́lé ń gé ní yáàdì ni. Bí ó bá ju ẹyọ kan lọ, kí ọ̀kan gun orí èkejì ní ẹsẹ̀ bàtà kan, kí etí rẹ̀ sì yí sókè lára búlọ́ọ̀kù. Kọnkéré ní ihò wẹ́wẹ́ tí ojú kò rí, ó ń fa omi láti inú ilẹ̀ bí òwú fìtílà ṣe ń fa epo. Ọ̀rá yìí ló ń gé e kúrò. Òun ni ohun tí owó rẹ̀ kéré jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà, òun sì ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń yọ bí owó bá kù díẹ̀.

Sìmẹ́ńtì tí wọ́n kọ 42.5 sára àpò rẹ̀ ni kí ẹ rà. Láti 2014 ni àjọ SON, tó ń ṣètò ìwọ̀n ìdára ọjà nílẹ̀ yìí, ti là á sílẹ̀ pé 32.5 wà fún rírẹ́ ògiri, 42.5 ni fún búlọ́ọ̀kù àti kọnkéré. Fún ilẹ̀ yìí, àpò sìmẹ́ńtì kan, yanrìn hẹ́ẹ̀dìpáànù mẹ́rin, òkúta gíránáìtì hẹ́ẹ̀dìpáànù mẹ́jọ. Kí yanrìn jẹ́ èyí tó ṣe hánún-hánún lọ́wọ́. Ẹ bu díẹ̀ sínú ìgò, ẹ da omi sí i, ẹ gbọ̀n ọ́n, kí ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì: bí ẹrẹ̀ tó jókòó sórí yanrìn bá ju ìdá kan nínú 12 gíga rẹ̀ lọ, ẹ dá a padà fún onítípà.

Omi ni wọ́n fi ń ba kọnkéré jẹ́ jù nílẹ̀ yìí. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 kan ni kí àpò sìmẹ́ńtì kan má ṣe kọjá. Bí yanrìn bá sì ti tutù, kó má tó bẹ́ẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ fẹ́ràn kí ó ṣàn, ó rọrùn fún wọn láti tì. Ṣùgbọ́n omi tó pọ̀ ju èyí tí sìmẹ́ńtì nílò máa gbẹ lọ lọ́jọ́ kan, ihò ló ń fi sílẹ̀, ìyẹn ihò tí omi ilẹ̀ á tún máa gbà gòkè. Kí kọnkéré yín dà bí èbà tó yi, kó má dà bí ògì.

Kí ó nípọn ní ìǹṣì mẹ́rin. Ó gba àpò sìmẹ́ńtì bíi mẹ́fà. Ìsàlẹ̀ ìpìlẹ̀ á gba bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún, títo búlọ́ọ̀kù àti dídí ihò rẹ̀ á gba bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ẹ fi àpò 15 sọ́kàn, kí ẹ má sì kó gbogbo rẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan bí iṣẹ́ bá máa pẹ́, sìmẹ́ńtì tó ti di òkúta nínú àpò kò wúlò mọ́. Ilẹ̀ tó kéré báyìí, tí ọkọ̀ kò ní gùn, kò nílò irin nínú bí wọ́n bá gún abẹ́ rẹ̀ dáadáa. Kí ojú rẹ̀ dà ní ìǹṣì kan sí ọ̀nà ẹnu ilẹ̀kùn, kí omi tí ẹ bá fi fọ̀ ọ́ lè jáde. Kí wọ́n fi ìgbálẹ̀ wọ́ ojú rẹ̀ kí ó tó le, kí ó má bàa yọ̀ mọ́ yín lẹ́sẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, kí ẹ fi àpò ìdọ̀họ tó rin bò ó, kí ẹ máa bu omi sí i láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọjọ́ méje. Ẹ̀yin fúnra yín lè ṣe èyí. Bó bá jẹ́ àkókò ọyẹ́, ẹ fi ọ̀sán kún un, nítorí ọyẹ́ ń fa omi jáde kíá ju bí sìmẹ́ńtì ṣe ń mu ún lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ méje káfíńtà lè bẹ̀rẹ̀. Ẹ má gbé ẹrù wúwo lé e títí ọjọ́ 28 yóò fi pé.

Káfíńtà ọ̀hún náà kò ní wà láìríṣẹ́. Kí pákó ìsàlẹ̀ tó máa jókòó lórí búlọ́ọ̀kù jẹ́ igi apá, tàbí ọ̀mọ̀ tí àwọn onílù ń gbẹ́ ìlù, bí ẹ bá rí èyí tó gbẹ ní ọjà pákó Bódìjà. Ìrókò dára jù, ṣùgbọ́n ó wọ́n, ẹ kò sì nílò rẹ̀. Arère àti afàrà lè wà lókè lára ògiri lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi oògùn pákó kùn wọ́n, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ sí ìkankan nínú wọn nísàlẹ̀. Kí wọ́n tẹ́ ọ̀rá sáàárín búlọ́ọ̀kù àti pákó ìsàlẹ̀, kí wọ́n sì fi bóòtù dè é mọ́lẹ̀, nítorí ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò máa ń ṣí ilé pákó kékeré lọ tòrùlé-tòrùlé. Kí òrùlé yọ tó ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀ kọjá ògiri. Kí ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ ibi tí omi òrùlé ń kán sí, kí ẹrẹ̀ má bàa máa ta sára pákó. Ẹ má gbin nǹkankan mọ́ ara rẹ̀, ẹ sì fi àlàfo ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sáàárín rẹ̀ àti fẹ́ǹsì, kí ènìyàn lè yí i ká wò.

Fún bárò, kí wọ́n fi kọnkéré ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sẹ́nu ọ̀nà, kí ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún kí ó lè rọrùn láti tì. Kí orí rẹ̀ dúró nísàlẹ̀ pákó ẹnu ọ̀nà, kí ó má kàn án.

Bí ilẹ̀ bá tiẹ̀ dára tó báyìí, ẹ má gbé oúnjẹ adìẹ lé e ní tààrà. Kí àpò wà lórí pálẹ́ẹ̀tì, kí ó fi ẹsẹ̀ bàtà kan jìnnà sí ògiri. Lálẹ́, kọnkéré máa ń tutù, afẹ́fẹ́ tó gbóná díẹ̀ lábẹ́ àpò á sì di omi lára rẹ̀. Àgbàdo tí omi inú rẹ̀ bá ju ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, èbu máa ń hù lára rẹ̀, irú èbu kan sì wà tó ń yọ májèlé tí wọ́n ń pè ní aflatoxin, tó ń ba ẹ̀dọ̀ adìẹ jẹ́, tó sì ń pa òròmọdìẹ. Ẹ kò lè fi ojú rí májèlé náà, gbígbóná lórí iná kò sì ní kó o kúrò. Ìdí nìyí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọ̀rá abẹ́ kọnkéré tó báyìí, nítorí oúnjẹ yìí náà ni n kò sì fi fẹ́ ọ́ìlì kọ́ńdẹ́ẹ̀mù lára pákó sítọ́ọ̀ yín. Ajílẹ̀ ńkọ́? Ó ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, ó sì ń jẹ irin. Igun tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí ó jìnnà sí ọkọ́ àti àdá.

Ti jẹnẹrétọ̀, Màmá, mo bẹ̀ yín. Ẹ lè tọ́jú rẹ̀ síbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kò gbọdọ̀ tàn án nínú sítọ́ọ̀ láé, kódà bí ilẹ̀kùn bá ṣí gbayawu. Èéfín rẹ̀ ní afẹ́fẹ́ olóró tí kò ní òórùn, tó ń pa ènìyàn lójú oorun, a sì ti sin ọ̀pọ̀ ìdílé nítorí rẹ̀ nílẹ̀ yìí. Kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù náà kò gbọdọ̀ bá oúnjẹ adìẹ àti pákó gbé inú ilé kan.

Ibi tí ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ kò gba kọ́bọ̀. Ẹ má tíì pe bírikìlà. Ẹ dúró de òjò ńlá kan, kí ẹ mú agbòjò, kí ẹ jáde sẹ́yìnkùlé nígbà tí ó ń rọ̀ lọ́wọ́, kí ọmọdé kan bá yín fi èèkàn gún gbogbo ibi tí omi ń gbà. Bí òjò bá dá, ẹ ó rí ọ̀nà omi náà lójúkorojú. Bó bá gba àárín ibi tí ẹ fẹ́ kọ́lé sí, ẹ sún ilé náà sókè, kódà kó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà péré. Bí kò bá sí ibi tí ẹ lè sún un sí, ẹ la gọ́tà tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kan, tó sì jìn bẹ́ẹ̀, sí apá òkè rẹ̀, kí ẹ darí omi náà sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ yín, kì í ṣe sínú àgbàlá aládùúgbò. Lẹ́yìn òjò kejì, tí ẹ bá ti rí i pé omi gba gọ́tà náà lọ, kí bírikìlà wá ta okùn.